Ọ̀nà Aginjù Édómù

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 3, ẹsẹ 4 títí dé 22



Mo bẹ̀ yín, bí Bíbélì bá wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn tí mo dárúkọ lókè yìí kí ẹ tó máa bá mi lọ, nítorí kò gùn, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí ń kọ́ni kì í sábà wàásù lórí rẹ̀. Méṣà ọba Móábù, ẹni tí ó máa ń san ọ̀kẹ́ márùn-ún ọ̀dọ́ àgùntàn fún ọba Ísírẹ́lì, ṣọ̀tẹ̀ lẹ́yìn ikú Áhábù. Jèhórámù ọmọ Áhábù sì ránṣẹ́ sí Jèhóṣáfátì ọba Júdà pé kí ó bá òun lọ sí ogun. Jèhóṣáfátì kò jiyàn. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà aginjù Édómù, ọba Édómù sì bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ti rìn yí ká fún ọjọ́ méje, omi kò sí fún àwọn ọmọ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún àwọn ẹran tí ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo ti ń ka ìtàn yìí, Jèhórámù ni mo sì máa ń bá wí nínú ọkàn mi. Òun ni ọmọ Áhábù. Òun ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Òun náà ni ó ké, nígbà tí òùngbẹ dé, pé Olúwa ni ó pe àwọn ọba mẹ́ta jọ kí ó lè fi wọ́n lé Móábù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá mo rin ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ aginjù, láti ọjọ́ náà ni ojú mi sì ti kúrò lára Jèhórámù tí ó wá dúró lára Jèhóṣáfátì, ẹni rere.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà, ti ń gbé ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kẹsàn-án, ó ní òun kò ní jẹ́ kí n padà sílé láì rí ilẹ̀ àpáta pupa tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Utah. Àwa mẹ́rin ni a lọ, nínú ọkọ̀ jíìpù méjì: ọ̀rẹ́ mi yìí àti èmi nínú ọ̀kan, nínú èkejì, arábìnrin kan láti Ìjẹ̀bú tí í ṣe nọ́ọ̀sì, àti òyìnbó àgbàlagbà kan láti inú ìjọ wọn, tí ó ti ń wa ọkọ̀ ní ilẹ̀ náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Òun ni amọ̀nà wa. Ìlú tí a sùn sí ni a ń pè ní Moab. Ẹ má ṣe rò pé mo ṣèèṣì kọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà ni pé inú Bíbélì ni àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti mú orúkọ yìí. Nígbà tí mo sì rí ilẹ̀ náà, kò yà mí lẹ́nu.

Odò méjì, Colorado àti Green, ni ó gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi ojú inú wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkúta tí ó tẹ́ bí tábìlì, tí a fi ọ̀bẹ ńlá gé títí ó fi jìn ju bí igi tí ó ga jù lọ nínú igbó wa ti ga lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, tábìlì mìíràn, tí a tún gé. Ní ọdún 1964 ni ìjọba Amẹ́ríkà ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní Canyonlands. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá kò ju nǹkan bí ínṣì 8 sí 10 lọ. Oṣù kan ṣoṣo nínú àkókò òjò tiwa lè mú iye bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn tí ń bójú tó ibẹ̀ a máa kìlọ̀ pé kí olúkúlùkù gbé omi tí ó tó gálọ́ọ̀nù kan dání fún ọjọ́ kan. Amọ̀nà wa kó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Kí a tó kúrò lórí ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì tú atẹ́gùn kúrò nínú táyà, láti ìwọ̀n 35 títí ó fi kù díẹ̀ kí ó tó 20. Ó ṣàlàyé pé táyà tí ó kún bámúbámú a máa ta lórí òkúta, ṣùgbọ́n èyí tí ó rọ̀ díẹ̀ a máa tẹ́ sílẹ̀, a sì di àpáta mú. Inú mi dùn. Mo wí nínú ara mi pé mo ti rí ìwàásù kan, lórí àwọn tí ó kún fún atẹ́gùn nínú ìjọ; mo tilẹ̀ ti ń ka orúkọ wọn. N kò mọ̀ pé ìwàásù tí a ó wàá fún mi ń bẹ níwájú.

Nígbà náà ni ó pe wá jọ, ó sì fún wa ní òfin kan. Ní ibi tí ọ̀nà bá burú, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sọ̀ kalẹ̀, tí yóò rìn ṣíwájú, tí yóò kọjú sí ọkọ̀, tí yóò sì máa fi ọwọ́ darí awakọ̀. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ wo ẹlòmíràn. Bí ohùn méjì bá dún, kí ó dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì wa ọkọ̀ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbé iwájú sókè láti gun àpáta, bọ́nẹ́ẹ̀tì a bo ilẹ̀ mọ́ awakọ̀ lójú, ojú ọ̀run nìkan ni yóò sì máa rí. Ẹni tí sítíárín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò rí ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀. Ẹni tí ó dúró níwájú ni ó rí i.

Ọ̀nà tí a gbà sọ̀ kalẹ̀ ni Shafer Trail. Àwọn onílẹ̀, àwọn ẹ̀yà tí ó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni ó kọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́. Àwọn darandaran wá fẹ̀ ẹ́ fún màlúù wọn. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí gbogbo ayé ń wá yuréníọ̀mù, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù. Ó lọ́, ó sì tún lọ́, lára ògiri àpáta, títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Jíà kékeré ni a fi sọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan yóò mú un gbóná títí kò fi ní di ọkọ̀ mú mọ́. Èmi ń kọrin. Ọ̀rẹ́ mi kò kọrin.

Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí a ti yà sí ọ̀nà Potash tí ó padà sí Moab ní ẹ̀bá odò Colorado, a dé ibì kan tí àpáta gé bí àtẹ̀gùn ilé tí a kọ́ fún òmìrán. Ògiri wà ní apá òsì. Ní apá ọ̀tún, òfo. Amọ̀nà wa ti wa ọkọ̀ tirẹ̀ gùn ún, ó sì padà wá dúró níwájú tiwa. Ẹ̀rù bà mí láti jókòó, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta náà. Mo rí i pé amọ̀nà ń fi ọwọ́ pè é sí apá òsì, sí apá òsì, mo sì rò pé yóò fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri. Mo gbàgbé òfin. Mo ké ní èdè wa pé, “Ọ̀tún! Yí i sí ọ̀tún!”

Ó sì yí i sí ọ̀tún.

Táyà iwájú kọjá etí àpáta. Ọkọ̀ náà fi ikùn lélẹ̀ gbì, ó tẹ̀, ó sì dúró, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí ń yí lórí òfo. Mo gbọ́ ìró àwọn òkúta kéékèèké tí ń já bọ́, ó sì pẹ́ kí n tó gbọ́ pé wọ́n dé ilẹ̀.

Amọ̀nà wa kò pariwo. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi má ṣe mira rárá, ó fa okùn irin láti ara ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi so tiwa mọ́lẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó gba ẹnu ọ̀nà apá òsì jáde. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta, tí a ń tò ó sábẹ́ ọkọ̀, nọ́ọ̀sì náà sì kó ju èmi lọ. Ó ju wákàtí kan lọ kí a tó fà á gòkè. Ohun tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nígbà tí a jókòó láti mu omi, mo rò pé ó yẹ kí èmi, ìránṣẹ́ Ọlọ́run, sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Mo ní, “Ọlọ́run ni ó fẹ́ dán wa wò.” Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi yìí, bí a tilẹ̀ jọ jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan náà ní ilé ẹ̀kọ́, láti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbé ọwọ́ lé mi ni kò ti fi “o” bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. “Olùkọ́, ẹ káàbọ̀. Olùkọ́, ṣé ẹ ti jẹun?” Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wí. Ní ọjọ́ náà ó gbé ife omi kalẹ̀, ó sì wò mí.

“Olùkọ́,” ó ní, “ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Mò ń wo ọwọ́ bàbá yìí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ ni mo tẹ̀lé, nítorí pé ìwọ ni.”

Nítorí pé ìwọ ni. Kò sí ìdí mìíràn. Kì í ṣe pé mo mọ̀ nípa àpáta. Ó mọ̀ pé n kò mọ̀. Ọ̀wọ̀ ẹ̀wù tí mo ń wọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi ni ó yí sítíárín náà.

Ẹ wá padà tọ̀ mí wá sí inú ìtàn wa. Nígbà tí Jèhórámù ṣe ìpinnu ogun, ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó mọ Olúwa? Jèhóṣáfátì ni. Òun ni ó mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Àní nígbà kan rí tí Áhábù fúnra rẹ̀ pè é sí ogun, òun ni ó tẹnu mọ́ ọn pé kí a kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ní ọ̀tẹ̀ yìí ó wí pé bákan náà ni òun àti Jèhórámù, pé ènìyàn òun ni ènìyàn rẹ̀, ẹṣin òun ni ẹṣin rẹ̀, wọ́n sì lọ. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọjọ́ méje ni ẹni rere yìí fi rìn kí ó tó rántí láti béèrè. Ta ni yóò sì dẹ́kun irú ìrìn bẹ́ẹ̀? Ọmọ ogun wo ni yóò bẹ̀rù ọ̀nà tí Jèhóṣáfátì ń gbà? Wíwà rẹ̀ níbẹ̀ ni ó mú kí ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Mo rò pé, ká ní Jèhórámù nìkan ni ó jáde lọ, àwọn kan ìbá béèrè ibi tí kànga wà.

Ẹ sì wo ẹni tí ó mọ ibi tí wòlíì wà. Kì í ṣe ọba kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìránṣẹ́ kan ni ó sọ pé Èlíṣà ń bẹ níhìn-ín, ẹni tí í máa bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà, wòlíì náà gan-an kò tètè dáhùn. Ó bá Jèhórámù wí, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n mú ẹni tí ó mọ dùùrù ta wá, ó sì dúró títí ọwọ́ Olúwa fi bà lé e. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí, ìgbà mélòó ni a ti dúró bẹ́ẹ̀? Ènìyàn a wá bi wá nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà, nípa ọkọ tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́, nípa àìsàn, kí ó tó jókòó tán a ti fèsì.

A bá ọ̀nà wa lọ. Lókè orí wa ni etí àpáta kan wà tí a ń pè ní Dead Horse Point, èyí tí ó fi nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju odò lọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé àwọn darandaran ayé àtijọ́ a máa lé ẹṣin igbó lọ síbẹ̀, nítorí ọrùn ilẹ̀ náà há, wọ́n a sì fi ẹ̀ka igi dí i bí ọgbà. Nígbà kan, wọ́n mú èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì fi àwọn ìyókù sílẹ̀ nínú ọgbà, òùngbẹ sì pa wọ́n níbi tí wọ́n ti ń wo odò Colorado ní ìsàlẹ̀. N kò lè sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rò ni ẹni tí ó dí ọgbà, tí ó sì gun ẹṣin tirẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, a dé ibi tí ọ̀nà là àfonífojì gbígbẹ kan kọjá. Yanrìn funfun, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Ojú ọ̀run lókè wa mọ́ gaara. Amọ̀nà wa dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́tí, ó nawọ́ sí àwọsánmọ̀ dúdú kékeré kan ní ọ̀nà jíjìn réré, ó sì ní kí a padà sẹ́yìn. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ a gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó òkúta jọ. Lẹ́yìn náà ni omi dé. Kì í ṣe pé ó ń ṣàn wá díẹ̀díẹ̀. Ó dé bí ògiri tí ó ga tó orúnkún, pẹ̀lú igi àti ẹrẹ̀, kí a sì tó ka ọgọ́rùn-ún ó ti tó àyà ènìyàn. Ìkán òjò kan kò kàn wá. Ilẹ̀ àpáta kì í mu omi bí ilẹ̀ oko wa. Òjò tí ó bá rọ̀ ní ibi jíjìn, inú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Omi náà sì pupa bí omi osùn, nítorí ìpẹtà irin tí ó wà nínú àpáta náà. Mo dúró níbẹ̀, mo sì rí orí kẹta ìwé Àwọn Ọba Kejì pẹ̀lú ojú mi: àfonífojì tí ó kún láìsí ẹ̀fúùfù, láìsí òjò, omi tí ó gba ọ̀nà Édómù wá ní òwúrọ̀ ní àkókò ẹbọ, èyí tí àwọn ará Móábù rí ní pípọ́n tí wọ́n sì pè ní ẹ̀jẹ̀. Omi tí ó gba àwọn ọba mẹ́ta là, irú rẹ̀ ni ó ń yí igi ńlá níwájú mi.

Nọ́ọ̀sì náà sọ pé bí a kò bá pẹ́ níbi àpáta, bóyá inú àfonífojì yìí ni omi ìbá bá wa. Ó ní àṣìṣe Olùkọ́ ni Olúwa lò láti gbà wá. Ó sọ ọ́ láti tù mí nínú. Ṣùgbọ́n n kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní wàásù rẹ̀ fún yín. Bàbá tí ó dá ọkọ̀ dúró tí ó tẹ́tí ni ó gbà wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Àṣìṣe mi, àṣìṣe mi ni.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tí a fi dúró kí omi tó fà. Nínú òkùnkùn ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi ohun tí n kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àkókò Lẹ́ńtì, ọdún méjì ṣáájú ìrìn náà, ìyá kan nínú ìjọ mi, tí dókítà ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wá bi mí bóyá òun lè fi oògùn náà sílẹ̀ kí àwẹ̀ òun lè pé. N kò bi í léèrè ohun tí dókítà wí. Mo ní kí ó gba àwẹ̀, Ọlọ́run yóò dì í mú. Ó gba àwẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, láti ìgbà náà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ti lè gbé nǹkan mọ́. Kò fi ìgbà kan dá mi lẹ́bi. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ó máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún kí mi, èmi náà a sì máa gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fún un ní sùúrù nínú ìdánwò tí Ó fi rán sí i.

Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “O ti sọ fún un?”

Mo ní n kò tí ì sọ fún un.

Nígbà tí mo padà sílé, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó lè lọ. Mo bá a níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ kan ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fò sókè, ó ní kí n dìde, pé kí ni àwọn ará àdúgbò yóò wí, pé olùkọ́ ìjọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún òun. N kò dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó jókòó, ó sì wo àwo ẹ̀wà náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́, mo mọ̀. Ẹ̀yin ni n kò rò pé ẹ mọ̀.”

Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbàdúrà fún òun, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo ní kí ó kọ́kọ́ mú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ wá. A jọ kà á, oògùn kọ̀ọ̀kan àti àkókò rẹ̀, nítorí kò rí ìwé náà kà dáadáa, kò sì fẹ́ bi nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́rú tí ó kọjá ni ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Èmi ni mo gbé àpò rẹ̀ dání. Nígbà tí dókítà bi í ní ìbéèrè, tí ó sì yíjú sí mi kí n bá a dáhùn, mo wo dókítà.